Áàpù kan, kọ̀ǹpútà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Táńkẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù lé itan lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan. Mo ti gbà, bí iná bá gbà fún wa.

Ìyá tó bí ìyá mi, amọ̀kòkò ni, ní Dada níbí, ní Òkè Lélé ní Ìlọrin. Ìdí amọ̀ ni mo dàgbà sí. Bí oníbàárà bá dé, á fi ọwọ́ kan gbé ìkòkò, á fi ìka ọwọ́ kejì kàn án lára. Bó bá dún kòó, á nawọ́ sí àpò. Bó bá dún bóbó, á rọra gbé e padà síbi tó ti mú un, ó ti sán nìyẹn. Màmá a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ti lọ tán. Ó ní kíkàn yẹn lè sọ bóyá ìkòkò sán, kò lè sọ ohun tí òun pò mọ́ amọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó wá nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, nítorí ìkòkò tó bá ti wọná kò tún ní padà di amọ̀ mọ́.

Áàpù tí ẹ̀ ń dáńlóòdù, ìkòkò tó ti wọná ni. Ẹ lè kàn án lára: ẹ ṣí i, ó ṣí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó lọ. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn, ẹ ò rí i. Kóòdù orísun ni amọ̀ tútù, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ènìyàn fọwọ́ tẹ̀, tí ọmọ ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà. Kọmpáílà ni iná tó ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà ń lò, tí ojú tiwa kò lè kà mọ́. Bí mo bá ní ká kọ́ áàpù láti inú kóòdù, ohun tí mò ń wí ni pé ká gba amọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ká sun ún nílé ara wa.

Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ní ọdún kan tí owó dátà kọjá agbára mi, ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ìlú yìí fi Telegram sórí láptọ́ọ̀pù mi láti inú fíláàṣì rẹ̀. Mo dúpẹ́. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ọ̀fà lágogo mẹ́fà ìdájí. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo ń bá mi sọ̀rọ̀ dọ́là láàárín òru, tó o ní kí n fi ẹgbàá náírà sílẹ̀ kó di ogún ọ̀kẹ́?” Kí n tó dáhùn, àbúrò bàbá mi náà ti ń pè. Gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi ni líǹkì náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkòkò náà dún kòó nígbà tí mo kàn án. Ẹnì kan ló ti pò nǹkan mọ́ amọ̀ rẹ̀ kó tó wọná.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó bá kàn fẹ́ máa bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lọ sí desktop.telegram.org, kó gba èyí tí àwọn tó ni ín sun fúnra wọn, ó tán. Mi ò wá síbí láti sọ gbogbo yín di amọ̀kòkò. Àwọn tí mò ń bá wí ni ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹni tó fẹ́ yí nǹkan padà nínú áàpù, àti ẹni tí inú ń bí bó ṣe ń bí mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Bí wọ́n bá ní kíkọ́ áàpù lórí Windows yàtọ̀ sí ti Linux, tí í ṣe ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ti Mac sì tún yàtọ̀, ẹ máa rò pé kóòdù ló yàtọ̀. Rárá o, amọ̀ kan náà ni. Igi ìdáná ló yàtọ̀. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ bèèrè pé ta ló ń ṣẹ́ igi wá, ta ló sì di kọ́kọ́rọ́ ibi tí igi wà mú. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ti mọ ibi tí wàhálà máa gbà wọlé.

Telegram Desktop ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó le. Pavel Durov àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Nikolai ló gbé Telegram jáde ní 2013. Èyí tó wà fún kọ̀ǹpútà, èdè C++ ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì lo Qt fún ojú rẹ̀, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì, àpótí ọ̀rọ̀ àti gbogbo ohun tí ẹ ń rí. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń pàtẹ kóòdù, ní telegramdesktop/tdesktop, lábẹ́ láísẹ́ǹsì GPL ẹ̀dà 3. Kí n tètè fi èyí kún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa padà wá bú mi: kóòdù sáfà wọn, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà wọn lọ́hùn-ún tó ń gba ọ̀rọ̀ wa tó sì ń fi í ránṣẹ́, kò sí ní gbangba. Ọ̀rọ̀ àṣírí tó wà lórí fóònù, èyí tí ẹni méjì nìkan ń rí, kò sí nínú Telegram Desktop. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ́ ọ fúnra yín, ẹ mọ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní, níbikíbi tí ẹ bá wà, ìlà kan ṣoṣo ni, Git tí í ṣe irinṣẹ́ tó ń gbé kóòdù wá ló ń ṣe é:

git clone --recursive https://github.com/telegramdesktop/tdesktop.git

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yẹn, --recursive. Ó lé ní ẹni márùn-ún tí mo ti bá tú u, tí wọ́n fò ó. Lórí GitHub, bọ́tìnnì kan wà tó ń jẹ́ Download ZIP. Ó wu ojú, kò fẹ́ Git, títẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n Telegram Desktop ní àwọn fódà tí kóòdù inú wọn ń gbé ní ojúlé mìíràn, orúkọ wọn nìkan ló wà nínú ilé yìí. ZIP náà á gbé orúkọ wá, á fi kóòdù sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ ṣí fódà, òfìfo. Ẹ wá máa jà fún ọjọ́ méjì pẹ̀lú àṣìṣe tí ń sọ pé òun kò rí fáìlì. Ẹni tó bá ti gbàgbé --recursive kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ o. git submodule update --init --recursive á lọ kó èyí tó ṣẹ́kù wá.

Ìkejì ni ìwé ìwọ̀lú. Áàpù tí ẹ bá kọ́ kò ní lè bá sáfà Telegram sọ̀rọ̀ bí kò bá ní api_id, tí í ṣe nọ́ńbà, àti api_hash, tí í ṣe ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan. Ẹ wọ my.telegram.org pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín, ẹ gbà á níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan, api_id kan. Nínú àlàyé wọn ẹ máa rí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ lè fi tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù, ẹ ò lè gbára lé e. Ẹ má sì fi api_hash yín ránṣẹ́ sínú gúrúùpù pé kí wọ́n bá yín wo ohun tó ṣe é. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, níbi tí ènìyàn bí irinwó wà.

Ó wá kan igi.

Bí ẹ bá ka ojúewé àkọ́kọ́ kóòdù yìí, ẹ máa rí orúkọ àwọn nǹkan tí wọ́n yá lò. Qt wà níbẹ̀. OpenSSL wà fún ìdìpọ̀ àṣírí, FFmpeg fún fídíò, Opus fún ohùn, OpenAL Soft náà fún ohùn, WebRTC fún ìpè, zlib fún fífún fáìlì pọ̀, Hunspell fún títọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣì kọ. (Hunspell yìí kan náà ló ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo Yorùbá tí mo bá kọ, bí ẹni pé gbogbo èdè mi ni àṣìṣe.) Láíbìrì ni wọ́n ń pe irú nǹkan báyìí, àwọn ni igi wa. Kóòdù tí àwọn ará Telegram fọwọ́ ara wọn kọ kì í gba ẹlẹ́kọ̀ọ́ lákòókò tó bí èyí tí wọ́n yá. Ẹni tó bá ti rí gbogbo láíbìrì kọ́ láìsí àṣìṣe, ó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún tán, ìyókù kò ju kí ó jókòó wo ojú kọ̀ǹpútà lọ.

Orúkọ kan tún wà nínú àwọn tí wọ́n yá náà, liblzma. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbínú mi lórí fíláàṣì yẹn kì í ṣe ìbínú òmùgọ̀. Inú iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ XZ ni liblzma ti wá. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá a ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti bí 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe é, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ní 2024 ló fi nǹkan sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè gbà wọ sáfà Linux. Ibi tó fi pamọ́ sí ló yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ka kóòdù inú Git nìkan kò lè rí ohun tó ń jí i dìde, inú àpò fáìlì tí wọ́n dì fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ ló fi sí. Amọ̀ tó pàtẹ fún àwọn ènìyàn wò mọ́, èyí tó gbé lé wọn lọ́wọ́ ní ìdọ̀tí. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló rí i, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024. Ohun tó jẹ́ kó fura ni pé wíwọlé rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kan fi nǹkan bí ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlàjì ìṣẹ́jú àáyá! Àwa tí a ti ń fi wákàtí mẹ́ta dúró de báńkì, ta ni yóò fura nínú wa?

Telegram kọ́ ni wọ́n dojú ìyẹn kọ, ẹ má lọ sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé igi ìdáná kì í ṣe ohun tí à ń ṣẹ́ níbikíbi. Ibi tí ẹ ti ń mú láíbìrì, àti ẹ̀dà tí ẹ mú, iṣẹ́ ni.

Windows ni ọ̀pọ̀ yín ń lò, ẹ jẹ́ ká wọ ibẹ̀. Ilé Windows kò ní igi rárá. Ẹ ra láptọ́ọ̀pù tuntun, kọmpáílà kò sí nínú rẹ̀, Git kò sí, Python kò sí. Ẹ̀yin lẹ máa fi orí ru gbogbo rẹ̀ wá. Visual Studio ti Microsoft lẹ kọ́kọ́ máa wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Community, ẹlẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ mú ohun tí ẹ fẹ́, ẹ mú apá C++ nìkan, kí dátà má bàa gbẹ lójú yín. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe fódà tí orúkọ rẹ̀ kúrú, tí kò ní àlàfo. D:\TBuild ni àlàyé wọn fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbé tirẹ̀ sínú fódà kan lórí Desktop, orúkọ rẹ̀ ni “Ise ti mo n se lodo oga mi”, ó tún ṣe fódà méjì sínú rẹ̀. Inú mi dùn sí orúkọ náà, ṣùgbọ́n Windows láti ilẹ̀ wá kì í fẹ́ kí ọ̀nà fáìlì gùn ju lẹ́tà 260 lọ, fódà inú fódà sì pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ó bá a dé àárín, ó ní òun kò rí fáìlì tí gbogbo wa ń fojú rí.

Ẹ má lo ojú dúdú tó wọ́pọ̀ lórí Windows, èyí tí à ń tẹ àṣẹ sí. Visual Studio ní tirẹ̀, x64 Native Tools Command Prompt ni ẹ máa rí bí ẹ bá wá a. Inú èyí ni kọmpáílà ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹ wọ inú TBuild, ẹ pe tdesktop\Telegram\build\prepare\win.bat, ẹ wá lọ kírun, ẹ lọ jẹun, ẹ lọ kí ará ilé yín. Fáìlì yẹn ló ń lọ kó igi jọ, ó ń la á, ó ń tò ó. Láíbìrì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé kóòdù rẹ̀ wá, tó sì ń kọ́ ọ. Bó bá parí, ẹ wọ tdesktop\Telegram, ẹ pe configure.bat x64, kí ẹ fi TDESKTOP_API_ID àti TDESKTOP_API_HASH ti yín tẹ̀ lé e, pẹ̀lú -D níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fódà kan tó ń jẹ́ out á yọ. Visual Studio á ṣí iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ẹ yan Release bí ẹ bá fẹ́ lò ó, Debug bí ẹ bá fẹ́ máa wá ibi tó ti ń bàjẹ́. Debug wúwo, ó sì ń jẹ díìsìkì. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìní 100 GB tó ṣófo.

Kí n tó kúrò lórí Windows, ẹ gbọ́ ohun tó fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Dátà mi ti ń tán, mo wá ronú pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti gbé kóòdù wá sórí Windows, n óò fi fíláàṣì kó o lọ sórí láptọ́ọ̀pù Linux mi. Ọlọ́gbọ́n ọmọ! Mo pe fáìlì tó yẹ kí n pè, ó dá mi lóhùn:

/bin/bash^M: bad interpreter: No such file or directory

Mo wò ó títí. Bash, tó ń ka àṣẹ tí mo bá tẹ̀ lórí Linux, wà níbẹ̀, mo ń lò ó lọ́wọ́. Ta ni ^M? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Windows máa ń fi àmì méjì parí ìlà kọ̀ọ̀kan, Linux ń fi ọ̀kan ṣoṣo parí rẹ̀. Git lórí Windows ti bá mi fi àmì kejì sí i, pẹ̀lú èrò rere. Linux wá rò pé àmì náà wà lára orúkọ ẹni tí òun ń wá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán ọmọ sí ilé Àlàbí, tó wá lọ ń bèèrè ilé Àlàbí-ò. Mo padà gbé kóòdù wá láti ilẹ̀ lórí Linux gan-an, mo san dátà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kóòdù orí Windows, kó wà lórí Windows.

Ilé Linux ní tirẹ̀, igi kún àgbàlá. Oríṣi rẹ̀ ni ìṣòro, nítorí Linux fúnra rẹ̀ pín sí oríṣiríṣi. Ubuntu ní Qt tirẹ̀, Fedora ní ẹ̀dà mìíràn, Debian fẹ́ràn èyí tó ti pẹ́, Arch ń mú tuntun lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣa igi ilé láti fi sun Telegram, ó lè jó lónìí, kó má jó mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe àtúnṣe sí kọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn ará Telegram wá ṣe ni Docker. Docker dà bí kí ẹ kọ́ ilé ìdáná kékeré kan sínú ilé ìdáná yín, pẹ̀lú igi tirẹ̀, láìfọwọ́ kan ti ilé. Ẹ pe ./tdesktop/Telegram/build/prepare/linux.sh, ó ń kọ́ ilé kékeré náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi docker run kọ́ áàpù nínú rẹ̀, pẹ̀lú api_id àti api_hash yín.

Nígbà tí mo yọjú wo inú ilé kékeré yẹn, Rocky Linux 8 ni mo bá níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi mú ohun tó ti dàgbà báyìí? Ẹnì kan nínú yín lè ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ áàpù lórí Linux ló ń bá láíbìrì kan tó ń jẹ́ glibc ṣe. Èyí tí a bá fi glibc àtijọ́ kọ́, kọ̀ǹpútà tòde òní á gbà á. Èyí tí a bá fi tòde òní kọ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ á ní òun kò mọ GLIBC_2.34, tàbí èyíkéyìí tó bá jẹ́. Ti Rocky 8 jẹ́ 2.28. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ èdè àgbà kí tọmọdé tàgbà lè gbọ́. Mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀.

Ti Mac kò ní pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí mo ka ọwọ́ tó nà sókè nígbà tí mo bèèrè ẹni tó ní i, ẹni méjì ni. Ilé Mac ní igi tó dára, ó wà nínú àká, onílé ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Xcode, irinṣẹ́ tí Apple ṣe fún kíkọ́ áàpù, ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni lọ́wọ́ Apple, ṣùgbọ́n Mac nìkan ló ń gbé e. Ẹ fi Homebrew kó àwọn irinṣẹ́ kéékèèké bíi cmake àti ninja wá, ẹ pe mac.sh, ẹ pe configure.sh, ẹ parí rẹ̀ nínú Xcode. Láti 2020 tí Apple ti gbé M1, ṣíìpù tirẹ̀ fún Mac, jáde, oríṣi Mac méjì ló wà níta, ti Intel àti ti Apple, áàpù tó bá fẹ́ wọ ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ ru ara méjì. Bí ẹ bá kọ́ ọ fún ara yín, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ pín in fún àwọn ènìyàn láìjẹ́ kí Mac wọn máa dẹ́rù bà wọ́n pé òun kò mọ ẹni tó ṣe é, Apple ń fẹ́ ìbuwọ́lù, ìbuwọ́lù náà sì ń fẹ́ dọ́là 99 lọ́dọọdún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ sí náírà nílé, ẹ má ṣe é níbí.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣé dandan ni ìyà yìí? Kò sí èyí tó rọrùn? Ó wà. Ẹ wo Signal Desktop, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ mìíràn. TypeScript ni wọ́n fi kọ ọ́, lórí Electron, tí í ṣe Chromium, ohun tí à ń fi ṣí ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì, àti Node.js, ohun tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́, tí wọ́n dì pọ̀. Ẹ gbé kóòdù rẹ̀ wá, ẹ fi Node tó bá a mu sórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá fi pnpm, irinṣẹ́ tó ń kó láíbìrì wá, pe ìlà mẹ́ta: pnpm install, pnpm run generate, pnpm start. Mo ṣe é lórí Linux àti Windows, ìlà kan náà ni, oúnjẹ kò tíì jinná tó fi ṣí. Mo tilẹ̀ fi ṣeré: mo lọ sínú fáìlì _locales/en/messages.json, mo wá ibi tí wọ́n kọ icu:cancel sí, mo yọ Cancel, mo fi “Fagi lé e” rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo tún un ṣí, bọ́tìnnì ń bá mi sọ Yorùbá. Ọmọ mi sáré wá wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì sí i dáadáa, kó rántí pé lẹ́tà “ẹ” wà nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ẹ́ kò sí ní ẹyọ kan. Lẹ́tà kan àti àmì tó gùn ún ni, méjì lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn ará Vietnam ní ệ tiwọn ní ẹyọ kan gbáko, mi ò mọ ẹni tó bá wọn bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Signal fi rọrùn? Ẹ bèèrè ìbéèrè wa: ta ló ṣẹ́ igi? Ẹlòmíràn ló ti ṣẹ́ ẹ, ó ti sun ún pàápàá. Electron tí pnpm gbé wá, sísun ni. libsignal, tí wọ́n fi Rust kọ, òun ló ń di ọ̀rọ̀ ní àṣírí gan-an, sísun náà ló dé. RingRTC fún ìpè, bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ ti kọ́ Signal fúnra yín, ẹ sì lè bú èmi tí mò ń pariwo lórí Telegram. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nínú ìkòkò náà, ẹ rà á lọ́jà. Mi ò ní ìyẹn burú. Àwọn tó ni ín ló sun ún, kóòdù rẹ̀ sì wà fún ẹni tó bá ní sùúrù. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà àti ohun tí ẹ ń mọ. Ẹ tún mọ èyí náà: Signal tí ẹ bá kọ́ báyìí, sáfà ìdánwò ló máa bá sọ̀rọ̀, ẹ ò lè so ó mọ́ fóònù tí ẹ ń lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná àti RAM, àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ìyẹn ni àwọn àlàyé òyìnbó kì í kọ. C++ jẹun. Kọmpáílà máa ń mú fáìlì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí core, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, bá ṣe pọ̀ tó. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ní 8 GB, ó mú mẹ́jọ lọ́wọ́ mi, ó wá kọ “Killed signal terminated program cc1plus”. Mo rò pé kóòdù ló bàjẹ́. RAM ló tán, Linux sì pa ẹni tó ń jẹun jù. Ẹ sọ fún un kó mú méjì péré, ninja -j2 tàbí make -j2 bí irinṣẹ́ bá ṣe wà. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó parí. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má sunkún. Ninja mọ fáìlì tó ti parí, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró. Fáìlì prepare Telegram náà ń rántí láíbìrì tó ti kọ́. Bí ẹ bá tún un pè, á fò wọ́n. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an nígbà tí iná lọ nìkan ni kí ẹ fura sí: ó lè kọ fáìlì náà dé ìdajì. Ẹ pa á rẹ́, kó tún un ṣe. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní bátìrì gidi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni iná lọ lórí èyí tí mo kọ́kọ́ parí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sun ìkòkò kan.

[Ibi yìí ni jẹnẹrétọ̀ ti kú, tí a dúró fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ìbéèrè ló tẹ̀ lé e, mo kọ méjì tó ṣe pàtàkì nínú wọn sílẹ̀.]

Arábìnrin kan bèèrè pé láptọ́ọ̀pù òun jẹ́ 4 GB, ṣé kí òun má yọjú. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lórí Signal, torí ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ kéré. Ti Telegram, ẹni méjì lè da owó pọ̀ fi lo kọ̀ǹpútà ẹni kẹta lálẹ́. Bí a ṣe kọ́ ọ nígbà tèmi nìyẹn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bàbá kan tó jókòó síwájú, tí mo rò pé ó ti sùn, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá sun tèmi tán, tí mo fi nǹkan tèmi kún un, ṣé mo lè pín in fún àwọn ará àdúgbò, tàbí ọlọ́pàá á wá mú mi?” Mo ní, Bàbá, ẹ lè pín in. GPL fún yín láyè. Ohun tó ń bèèrè ni pé bí ẹ bá fún ẹnì kan ní ìkòkò, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rí amọ̀ rẹ̀ náà gbà, pẹ̀lú ohun tí ẹ fi kún un. Àwọn ará Telegram náà sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má lo àmì wọn, kí ẹ sì jẹ́ kó hàn pé tiwọn kọ́. Bàbá ronú díẹ̀, ó ní, “Nígbà náà, ẹni tó fún ọ ní fíláàṣì ọjọ́sí, ó jẹ ọ́ ní gbèsè amọ̀.” Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.